Ife Tàgíìrì Bàbá Sódìq

...bí mo bá ní ó dànù mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Rárá. Ìyá á bu òmíràn. Ìkòkò ṣì kún lẹ́yìn ilé, ègé tàgíìrì ń léfòó nínú omidùn, òórùn èso kíkorò yẹn ti gba gbogbo ilé ìdáná. Bí mo bá ní ọkọ mi ti mu ún... Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ń wo ọwọ́ mi tí mo fi gbé ife.

Halimah, fara balẹ̀. Ṣàlàyé fún ara rẹ bí o ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ Praímárì Fáìfù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ wo ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe lára wa? Ẹ̀dọ̀ dà bí aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì. Ohun tí a bá jẹ, ohun tí a bá mu, ẹ̀jẹ̀ á gbé e gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ á dá èyí tí kò dára dúró. Ó dáa. Bí a bá ń da ohun tó le sórí aṣọ yìí lójoojúmọ́, kí ló máa ṣe é? Wọ́n á nawọ́. Á ya, Àǹtí. Bẹ́ẹ̀ ni, á ya. Bó bá sì ya... ẹ jókòó. Ẹ jókòó ná.

Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún un, mi ò ní purọ́. Wẹ́dà ni ọkọ mi, ó ń jó irin lọ́nà Ilé-Ogbó. Ibà wọ̀ ọ́ lára nígbà òjò, kò lè gbé òòlù mọ́. Ìyá gbé tàgíìrì dé láti Olúpọ̀nnà, ibà lọ. Ká ní a dúró níbẹ̀... Ṣùgbọ́n Ìyá ní kó máa mu ún lọ, kí ibà lè fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó ń mu ún lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tíì. Ìyá wò ó, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ò rí i? Ibà pọ́njú tó sá pamọ́ ló ń jáde yẹn."

Ó wá fi kún un.

Ibẹ̀ ló ti ń dàrú mọ́ mi lójú. Ó ń mu ún, ojú ń pọ́n. Ojú ń pọ́n, a ní kó mu sí i. Ó mu sí i —

Mo mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ibẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ti wú. Òun ò bú èso náà o, mímu tí kò ní òdiwọ̀n ni òun ń bá wí. Kó dáwọ́ dúró, ká padà wá kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. "Màmá, ẹ bá mi gba ife yẹn lọ́wọ́ wọn." Mo ní mo ti gbọ́. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀, Bàbá Sódìq ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, èwo nínú yín ni kí n kọ̀? Ẹni tó bí mi, àbí ẹni tí mo fẹ́?"

Mo sọ fún Ìyá. Mo kúnlẹ̀, mo mú àpẹẹrẹ aṣọ ògì yìí náà, mo ṣàlàyé títí. Ó gbọ́ mi dópin, ó fara balẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ràn. Ó ní tàgíìrì yìí náà ni òun fi gba Àkànní òun, ìyẹn ọkọ mi, sílẹ̀ ní kékeré, nígbà tí ara rẹ̀ sú, tó gbóná bí iná, tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Ó wá tẹjú mọ́ mi.

"Ìyá Sódìq, ṣé èmi ni mò ń pa ọmọ mi?"

Mo ní rárá, Màámi. Mo ní ẹ má bínú. Mo dìde.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Àgbékẹ́, àbúrò ọkọ mi. Ó pè mí. "Ìyàwó wa, ìwé yín ò ní pa ẹ̀gbọ́n wa o. Ẹ rántí ìyàwó Adédìpẹ̀."

Ta ni ò rántí rẹ̀? Ó da àgbo ọkọ rẹ̀ nù, ọkọ sì kú. Ohun tó pa ọkùnrin náà gan-an, kò sẹ́ni tó bèèrè. Obìnrin yẹn ń ta aṣọ lọ́jà Ìwó di òní. Bó bá ti kọjá, ẹnìkan á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: òun nìyẹn, òun ló da àgbo nù.

Dúró ná. Dúró, Halimah.

Mo ti ń sọ pé mi ò fẹ́ fojú àgbà gbolẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Bí mo bá gba ife yìí, tí ó kú, èmi ni mo pa á. Bó bá mu ún, tí ó kú... wọ́n á ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Wọ́n á bá mi sunkún. Ìyá á dì mọ́ mi. Òkú kan náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi á mọ́.

Ọwọ́ mi yìí, tí ife wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe bí ọkọ mi ò ṣe ní kú ni mò ń rò. Bí ikú rẹ̀ ò ṣe ní kàn mí ni. Mo wá ń pè é ní ọ̀wọ̀ àgbà.

Ọkọ mi ń pè mí láti inú yàrá. Ìyá ti sún ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n lè ráàyè kọjá. Mo ní mò ń bọ̀.