Ẹnì Kan Ṣoṣo Ni Wọ́n

Igbà wà lórí itan Ìbídùn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, etí òrùlé ṣì ń kán tó, tó, tó sínú garawa, igbà sì wà lórí itan Ìbídùn. Ó ká jọ, ó dákẹ́, ó ń ta òórùn epo pupa àti èéfín.

Ìwọ tí o kò bá mọ igbà, sún mọ́ ibí. Kì í ṣe ìgbà, èyí tó ń lọ tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe igbá tí à ń fi bu omi mu. Kì í ṣe igba, tí í ṣe ọgọ́rùn-ún méjì. Igbà ni, okùn líle tí akọpẹ fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, tó fi ń gòkè lọ gé ìdì ẹyìn. Bí o bá gbé ohùn sókè ní ìparí rẹ̀, o ti sọ ọ́ di igbá nìyẹn. Jẹ́ kí ohùn rẹ wálẹ̀, wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ ò rí ọgbọ́n èdè wa bí: ohun tó ń gbé ènìyàn gòkè, ìsàlẹ̀ ni ohùn orúkọ rẹ̀ ń lọ.

Onídìrí ni Ìbídùn, ní Ìkirè níbí, ìka rẹ̀ sì mọ ohun tí à ń pè ní dídì, ó mọ ohun tí à ń pè ní lílọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò tọ ara okùn náà lọ, láti ibi tí ó ti nípọn dé ibi tí ó ti tín-ín-rín. Ó ń wò ó bí ó ṣe máa ń wo orí tí onídìrí mìíràn dì tí ó sì dára, pẹ̀lú ìlara díẹ̀ àti ìyìn púpọ̀. Fóònù rẹ̀ wà ní ọwọ́ kejì. Akọni tuntun kan wà nínú fóònù náà, kò sì tíì rí ẹnubodè wọ̀.

Ẹnubodè Agbo Akọni ni. Inú fóònù ni agbo náà wà, àwọn ọmọ Yorùbá káàkiri ló sì wà níbẹ̀: ará Ìlọrin, ará Ṣakí, ẹnì kan tó ń gbé Kútọnu. Olúkúlùkù ló dá akọni tirẹ̀ sílẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀, ẹnu akọni yẹn ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá kọ ìlà kan, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìtàn á sì máa lọ. Láàárọ̀, ọ̀kan ń rán aṣọ, ọ̀kan ń tún ọ̀kadà ṣe. Tí wọ́n bá ti ṣíwọ́, wọ́n di akọni.

Ta ni kò ní fẹ́ràn wọn? Abẹ́rẹ́-ò-Sọnù wà níbẹ̀, tí kò sí ohun tó sọnù láyé tí kò lè wá rí, àfi ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá gbàgbé. Ọmọ Òjìji wà níbẹ̀, tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, tí ọ̀sán gangan sì máa ń sọ di kékeré bí ìka. Àrá-Ọ̀sán ló ń ṣọ́ ẹnubodè, obìnrin Ìlọrin kan tí kì í bá ẹni tó wo iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ ṣeré rárá.

Ìbídùn ti kan ilẹ̀kùn yìí rí. Akọni tó kọ́kọ́ mú wá ń fò lójú ọ̀run, aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, iná ń jáde lójú rẹ̀. Àrá-Ọ̀sán ní kí ó lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ó mú òmíràn wá, èyí tó lágbára débi pé ọta kò ràn án, ebi kò pa á, ìfẹ́ kò mú un. Àrá-Ọ̀sán kọ̀wé sí i pé, "Ẹni tí nǹkan kan ò lè ṣe, àyà ta ni yóò já nítorí rẹ̀? Mú ẹni tó kù síbì kan wá." Ó dun Ìbídùn. Ó sunkún díẹ̀ pàápàá, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé a sọ ọ́.

Òní ló kù. Bí oòrùn bá wọ̀, ìtàn tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹnubodè sì di títì títí di ọdún tó ń bọ̀. Oòrùn náà nìyẹn lórí òrùlé mọ́ṣáláṣí, ó ti ń pọ́n.

Ìdí nìyí tí Ìbídùn fi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe nínú ilé yìí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbé igbà Bàbá, akọpẹ tó bí i lọ́mọ, sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti já láti orí ọ̀pẹ, tí ìbàdí wọn sì yẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n fi igbà kọ́ sí, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí àlejò bá dárúkọ ọ̀pẹ, Bàbá á ní oorun ń kun àwọn. Àwọn ará àdúgbò ní Bàbá Oyèkànmí ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá aláìsàn.

Okùn nìkan ni Ìbídùn ń fẹ́ wò, kí ó lè mọ bí òun yóò ṣe kọ ọ́. Akọni òun kò jọ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ló rò. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìkánjú, kò tilẹ̀ fi àmì sórí orúkọ náà:

"Orúkọ wọn ni Onigba. Lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé wọn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, àwọn ọmọdé sì ń sín ìrìn wọn jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lè ju okùn wọn yí ohun tó ga ká, ìbáà ṣe ọ̀pẹ, ìbáà ṣe òpó iná, ìbáà ṣe ilé alájà gogoro, kò sí ibi tí wọn kò lè dé. Lọ́jọ́ tí omi bo ìlú, àwọn ni wọ́n gòkè, àwọn ni wọ́n ń fa ènìyàn jáde nínú omi. Bí wọ́n bá jọ̀wọ́ okùn, agbára wọn parí."

Ó fi ránṣẹ́. Ó sì ń wo ojú fóònù báyìí.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ Òjìji kọ ọ́ pé, "Onígbá kẹ̀? Ẹ̀kọ ló wà nínú igbá náà àbí ẹ̀wà?" Abẹ́rẹ́-ò-Sọnù já lu ọ̀rọ̀: "Kì í ṣe onígbá jàre, ẹ kà á dáadáa. Onígba ni. Ẹ ò rí i pé 'wọ́n, wọ́n' ló ń pè é látòkè délẹ̀? Igba èèyàn ni!" Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni Àrá-Ọ̀sán dá sí i: "Ìbídùn, akọni yìí dára. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n akọni kan lẹ́nì kan lòfin wa. Tó bá jẹ́ igba, wọ́n pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, sọ 'wọ́n' di 'ó', kó o sì tètè, oòrùn ń wọ̀."

Ìbídùn yí ojú fóònù padà sókè, ó ń ka ohun tó kọ. Wọ́n. Wọ́n. Wọ́n. Kò sí "ó" kan ṣoṣo níbẹ̀. Ta ni ìka òun ń bọ̀wọ̀ fún láti àárọ̀?

Ó wo igbà tó wà lórí itan rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń gbóná. Ènìyàn a máa rò pé àjèjì lòun dá sílẹ̀, kó tó rí i pé ará ilé ni. Ìka ti mọ̀, orí ni kò tíì gbọ́.

Ó gbìyànjú, kí á má parọ́ mọ́ ọn. Ó pa "wọ́n" rẹ́, ó tẹ "ó". Ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Ó kà á síta, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó dà bí ìgbà tó dúró ní gbangba tó ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Ó pa á rẹ́, ó dá "wọ́n" padà sí ipò rẹ̀. Bí wọn kò bá gbà á wọlé, kí wọ́n má gbà á.

Ọ̀pá dún nínú ilé. Kò. Kò. Bàbá ti jí. Kò sí àyè láti gbé igbà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà gan-an ni Bàbá ń gbà bọ̀. Wọ́n yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rí i.

"Àwẹ̀ró." Oríkì rẹ̀ ni wọ́n pè, ohùn wọn kò sì dùn. "Ta ló ní kí o gbé e sọ̀kalẹ̀?"

Ìbídùn ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Akọni kan ni mò ń kọ. Mo fẹ́ wo bí okùn wọn ṣe rí ni."

"Akọni wo? Kà á kí n gbọ́."

Ó kà á. Ó lè fo ibi tí ọ̀pá wà, ó lè fo ibi tí àwọn ọmọdé ti ń sín ìrìn jẹ, kò fò wọ́n. Ó ń kà á lọ, ó kà á dé ibi tí omi ti bo ìlú, ó kà á dé òpin. Etí òrùlé ń kán tó, tó.

Bàbá ń wo ọ̀nà. Wọ́n ní, "O gbàgbé nǹkan kan. Bí ènìyàn bá di igbà mú títí ilẹ̀ fi mọ́, tí kò bá lè fẹ̀yìn tì í pátápátá, kò lè gòkè. Ìfẹ̀yìntì yẹn lagbára ọ̀hún. Gbé e wá."

Wo Bàbá Oyèkànmí báyìí. Wò wọ́n dáadáa. Wọ́n ń ju igbà yí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, wọ́n ń gbà á mú lódìkejì, wọ́n ń mú un gba ìbàdí wọn, wọ́n ń ta kókó rẹ̀ láì wò ó. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tó dáa ti ìdí òpó. Wọ́n ń mí kanlẹ̀. Ọ̀pá bọ́, ó yí lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, ẹnikẹ́ni kò wò ó.

Bàbá fẹ̀yìn tì. Igbà le, ó dún kẹ́kẹ́, ó gbà wọ́n. Wọ́n dúró láì sí ọ̀pá, wọ́n gbójú sókè, ọrùn tó ti tẹ̀ láti ọjọ́ yìí sì nà. Inú Ìbídùn dùn débi pé kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ó wá mọ̀ ọ́n. Ó tẹ létà "a" mọ́lẹ̀ lójú fóònù, kò ká ìka kúrò, títí àwọn tó ní àmì lórí fi jáde. Ó yan èyí tí àmì rẹ̀ ń wálẹ̀. Ó fi ránṣẹ́: "Onígbà. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n."

Oòrùn ti kù díẹ̀ lórí òrùlé mọ́ṣáláṣí. Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín, Abẹ́rẹ́-ò-Sọnù kò wá nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Àrá-Ọ̀sán wọlé, kò sì gùn.

"Ẹ wọlé, Onígbà."

"Ẹ" ló kọ. Ìbídùn kà á sókè, ó tún un kà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Ta ni wọ́n ní kó wọlé?" Bàbá bèèrè láti ibi òpó.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Bàbá ti igbà sókè díẹ̀ lára òpó, díẹ̀ báyìí, wọ́n sì tún fẹ̀yìn tì í. Etí òrùlé ń kán tó, tó, igbà kò sì sí lórí itan Ìbídùn mọ́.