Ògiri Akèrègbè

Lọ́dún 1991, ẹ̀rọ tí Solomon fi ń lọ èlùbọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé Lateefah àti bàbá rẹ̀ kúrò nílé ní Fìdítì. Ẹ̀yìnkùlé wọn gan-an ló wà. Bó bá ti ń dún gùùù, àyà Ṣàmsúdéènì, bàbá náà, tí ara rẹ̀ kò yá a máa já. Solomon bẹ̀ wọ́n títí, ó ní ibẹ̀ lòun ti ń jẹun.

Tíṣà físíìsì ni Lateefah ní Ìlọràá. Ó ra akèrègbè rẹpẹtẹ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́mu, ó mọ ògiri onípẹpẹ sáàárín ilé àti ẹ̀rọ, ó sì tò wọ́n sí i. Ó bu omi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lẹ́nu, títí ohùn wọn fi bá ti ẹ̀rọ mu.

"Kí lo ń ṣe yìí?" bàbá bi í.

"Ariwo tó bá ti bá ohùn wọn dọ́gba, wọn á gbé e mì, Bàbá."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, gùùù rẹ̀ kò kọjá ògiri mọ́. Bàbá rí oorun sùn.

Ọyẹ́ dé, omi inú akèrègbè ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ohùn wọn sì ń lọ sílẹ̀. Lateefah kò fura.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Solomon lọ sí Jobele, tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, Lateefah ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé nígbà tó gbọ́ ohun kan níta: "T… f… t… f…" Ó dà bí ẹni tí wọ́n ti yọ ohùn lọ́fun rẹ̀. Ó pe bàbá, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó rìn dé ìdí ògiri, ó fi etí sí ẹnu akèrègbè kan.

Ohùn bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ohùn lásán ló ń kùn. Ó fi etí sí èkejì, ohùn kan náà ni. Omi tó gbẹ ti mú kí ohùn àwọn akèrègbè bá ti Bàbá mu.

Ó sáré yí ògiri ká. Bàbá tó jáde lọ ṣàlùwàlá ti ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ ara rẹ̀.

"Lateefah, mo pè ọ́ títí. Àbí ohùn mi ò jáde ni?"

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, ó ń fi ọ̀pá rìn.

Lateefah àti Solomon bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn akèrègbè náà. Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ rọra fọ́ wọn o," ó ní. "N kò mọ ohun tó kù nínú wọn."