Oòrùn Kò Tó Lára Mi

Mẹ́sàn-án. Níbi tó yẹ kó ti lé ní ọgbọ̀n. Fítámì D. Lánàá, Dókítà Ebinimi fi bírò yí i ká lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé àyẹ̀wò náà, bíi pé ojú mi ò ríran.

Láàárọ̀ yìí, ọwọ́ mi ò tíì ká. Ó yẹ kí n ti wà lọ́nà pọ́ọ̀tù Tin Can báyìí, àmọ́ ìka mi wú bíi gààrí inú omi. Bọ́tìnì mẹ́ta péré ló wà lára aṣọ mi, mi ò rí ọ̀kan dè.

Dókítà ní, "Làkúrègbé ni, màdáámù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó. Àwọn ọmọ ogun ara yín ló ń bá oríkèé yín jà."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì péré ni mí. Mo bi í bóyá àìrí oòrùn ló fà á... Ó ní lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in, ibi tí fítámì yìí bá ti kéré ni ìrora ti máa ń le jù, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ èwo ló bí èwo. Kí n lo oògùn oríkèé, kí n lo ti fítámì, kí n máa yá oòrùn díẹ̀.

Oòrùn. Níbo? Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde ní Ajégúnlẹ̀. Ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ti ajẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, kò ní fèrèsé — ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó délé. Ọdún mọ́kànlá.

Èmi tí mo dàgbà sínú oòrùn. Ẹ̀yìnkùlé wa, okùn aṣọ mẹ́fà. Alágbàfọ̀ ni Màmi, aṣọ àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté Kirikiri ló ń fọ̀, tòun ti símẹ́ńtì lára wọn. Mo máa ń sá pamọ́ sáàárín àwọn ṣòkòtò tó ti ń gbẹ, tí wọ́n ń gbóòórùn ọṣẹ, Nneka ilé kejì á máa wá mi kiri. "Habibat, I don see your leg o." Irọ́ ni pé ó ti rí ẹsẹ̀ mi. Kò rí nǹkan kan.

"Hàbíbàt, wá bá mi fún aṣọ yìí."

Ohùn Màmi nìyẹn. Ó lè ṣan aṣọ, kì í fún un. Èmi ni mò ń fún un, èmi ni mò ń de okùn, èmi ni mò ń ṣí ike ọṣẹ. Òun á jókòó sórí àpótí, á na ọwọ́ méjèèjì sórí itan, á kọjú sí oòrùn. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ síta — Màmi, ẹ kàn jókòó ni, èmi ni mò ń ṣe gbogbo ẹ̀. Kò bínú. Ó ní, "Ọwọ́ tìẹ ló yá jù."

Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú títí dòní.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, ó ń fún aṣọ fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí omi tó ń ro sílẹ̀ láti ọwọ́ ẹ̀, ó tiẹ̀ máa ń kọrin sí i. Àárọ̀ nìkan ni. Àárọ̀ ni ọwọ́ ẹ̀ kì í ká, bíi tèmi yìí, títí oòrùn á fi ga.

Ìsẹ́yìn ló wà báyìí. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, mi ò béèrè ọwọ́ ẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé ó ń sinmi. Lórí àpótí yẹn, ìyá mi ń dúró de ọwọ́ ara ẹ̀ ni.