Àlejò Pọ̀bẹ́ Tó Di Onílé Létí Adágún

Èmi àti ọkọ mi, Bàrúwà, ni wọ́n fi ṣọ́ ọgbà ìgbafẹ́ kan tó wà létí adágún lọ́nà Aiyétòrò. Inú ọgbà náà là ń gbé, nínú ilé oníyàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ẹni tó bá wá pàgọ́, àwa la máa kí i káàbọ̀, a ó fi ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú hàn án, a ó fún un nígi ìdáná, ojú wa yóò sì wà lára rẹ̀ títí tí yóò fi lọ. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ kékeré nìyẹn kò tíì fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn ogójì èèyàn rí.

Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2019, tọkọtaya àgbàlagbà kan wá láti Pọ̀bẹ́, ní òdìkejì bọ́dà. Bàbá Ọ̀ṣunníyì ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Màmá Edith, ìyàwó rẹ̀, ti ń ṣe búrẹ́dì tà láti ìgbà ọmọge. Yorùbá wọn ò jìnnà sí tiwa ní Afọ̀n tí wọ́n bí mi sí, àfi pé Faransé máa ń já lu ọ̀rọ̀ wọn. Bàbá kò rọrùn rárá. Ó ní omi ìwẹ̀ tutù jù. Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ kò jẹ́ kóun sùn. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ọ̀pọ̀lọ́ ló ni adágún, ayálégbé làwa."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dágbére fún wa, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí mo tún fi rí ọkọ̀ wọn ní géètì.

"Wọ́n ti ti bọ́dà," Bàbá sọ ọ́ láì bọ́ sílẹ̀. "Wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kọjá."

Mo ní, "Ẹ bọ́ sílẹ̀, Bàbá. Ọbẹ̀ ṣì gbóná."

A rò pé kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ọjọ́ di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ẹ̀gbọ́n Gbọ́lá tó ni ọgbà náà fóònù láti Abẹ́òkúta, ó ní kí wọ́n máa gbé nínú ilé àlejò kan tó ṣófo. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàrúwà gun òrùlé láti tún páànù ṣe, ló bá já bọ́. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìlaro, mo sì wá ń pààrà láàárín ọsibítù àti ọgbà bí ẹni tí wọ́n fi ń ta ayò.

Láàárín àsìkò náà, ọmọ wọn obìnrin pè wọ́n láti Pọ̀bẹ́. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Ó ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ń kọjá, kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Bàbá ní, "Ọkùnrin tó gbà wá sílé wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ni kí n fi géètì rẹ̀ lé lọ́wọ́?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ. Màmá Edith kàn bi mí níbi tí mo ń kó ìgbálẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di onílé. Màmá fi amọ̀ mọ ààrò sẹ́yìn ilé wa, ó ń yan búrẹ́dì láàárọ̀, àwọn àlejò bíi mélòó kan tó ṣì ń wá á sì jí sí òórùn rẹ̀. Bàbá, tí ìyàwó rẹ̀ búra fún mi pé kò mú ìgbálẹ̀ rí nílé, ń gbá ewé máńgò láti géètì dé etí omi. Bí àlejò bá dé, á tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, á ní, "Bọ́ǹsúù, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn."

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó bi mí pé, "Ìyá Toyibat, kí ni Bàrúwà máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?"

Mo ní ó máa ń ro ẹ̀yìn ọgbà yíká kó fẹ̀ dáadáa, kí iná ìgbẹ́ má baà ráyè wọlé. Mo ní màá wá lébìrà. Kí n tó rí lébìrà, Bàbá ti mú ọkọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ro ó, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ léròrò. Ní alaalẹ́ ni Màmá ń fi òrí pa á fún un, tó ń bú u, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn Kérésì, àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ìjọ kan wá pàgọ́ láti Ìlaro, Micah, olórí àwọn ọ̀dọ́ wọn, ló kó wọn wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èéfín dìde láti ìhà oko kájú. Kí n tó pariwo, iná ti ń sáré bọ̀ nínú koríko gbígbẹ, atẹ́gùn ọyẹ́ ń lé e. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwọn kan ń sáré lọ kó àpò wọn.

"Ẹ dúró!"

N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Bàbá rí. Gbogbo wọn dúró.

"Ẹ fi àpò sílẹ̀. Ẹ di ọwọ́ ara yín mú. Ẹ wọ inú omi, kó dé orúnkún, kó má kọjá orúnkún."

Micah ṣáájú wọn. Màmá Edith ti kọjá wọn lọ síbi tí omi ti mù ún dé ìbàdí, ó kọjú sí wọn, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, kí ọmọ kankan má baà kọjá rẹ̀ sínú ibú. Èmi àti Bàbá àti àwọn tó dàgbà nínú wọn já ẹ̀ka tútù, a rẹ ẹ́ sómi, a ń fi lu iná tó bá fò wọlé. Iná náà dé ibi tí Bàbá ro, ó ké ramúramù, kò rí nǹkan jẹ mọ́, ó sì kú. Àgọ́ méjì jóná. Kò sí ọmọ tó fara pa.

Màmá jáde nínú omi, aṣọ rẹ̀ ń ro tótó. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Ta lebi ń pa?"

Micah sún mọ́ Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọgbà yìí?"

"Rárá o. Onílé wà ní ọsibítù. À ń bá a jókòó ni."

Mo lọ sọ ọ́ fún Bàrúwà ní ọsibítù. Ó di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó ń mi orí.

Ọkọ mi padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Síbẹ̀ Bàbá àti Màmá ò lọ, àfìgbà tó dá rìn dé etí omi láìtilẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò fẹ́ẹ́ rọ̀ ni ọ̀kadà méjì wá gbé wọn lọ sọ́nà Eggua, kí wọ́n lè fẹsẹ̀ kọjá níbẹ̀; ọkọ̀ wọn dúró dè wọ́n lọ́dọ̀ wa. Màmá dì mọ́ mi, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Bàbá bọ Bàrúwà lọ́wọ́, ó ní kó tètè wá ẹni ro ẹ̀yìn ọgbà bó bá dẹ̀ẹ̀rùn, kó má dá ṣe é.

A ṣì dúró tí à ń juwọ́ sí wọn nígbà tí bọ́ọ̀sì àlejò kan yà wọlé. Mo fi etí ìborùn nu ojú mi, mo sì lọ kí wọn káàbọ̀.