Ẹ̀rọ Tó Ń Béèrè Àlàáfíà

"Mo ti ṣubú o! Ẹ gbà mí! Ẹsẹ̀ mi ti kán!"

Mọ́rúfù nà gbalaja sílẹ̀ nínú kíṣìnnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Hartstown, ó ń japá, ó ń jasẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan ò kán. Ó kàn fẹ́ dójú ti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni.

"Mọ́rúfù, dìde nílẹ̀," Màmá Tọ̀yìbátù ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ibẹ̀ ni."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kò sí arúgbó tí yóò ṣubú ní Dublin tí ẹ̀rọ yìí ò ní gbọ́. Wọ́n ní ó gbọ́ gbogbo èdè ayé. Ẹ̀rọ! Ṣé o gbọ́ Ìjẹ̀bú? Mo kú o!"

Ẹ̀rọ ò fọhùn. Mọ́rúfù bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ládiípọ̀, ọmọ Màmá, tó gbé ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà tuntun tó ti ń ṣiṣẹ́ létí òkun ní Dún Laoghaire.

"Ẹni tó bá ní òun ó dá ẹ láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Conor ọ̀gá yín tó wá síbí lọ́jọ́sí, ṣòkòtò rẹ̀ ya lórúnkún méjèèjì!"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á, Bọ̀ọ̀dá. Yíya yẹn gan-an ló gbówó lórí."

Kí Mọ́rúfù tó dìde nílẹ̀, fèrè ọkọ̀ aláìsàn ti ń ké lójúde. Òyìnbó méjì já wọlé, ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin. Mọ́rúfù fò dìde. "I'm grand! I'm grand! Ara mi le!" Wọ́n fi í jókòó, wọ́n wé nǹkan mọ́ ọn lápá. Obìnrin náà wo iye tó jáde, ó tún un wọ̀n, ó wojú ẹnìkejì rẹ̀.

"Baba, báwo lẹ ṣe dé ibí?"

"Táàsì mi ni mo wà wá."

"Ẹ ò ní wà á padà."

Bí wọ́n ṣe gbé Mọ́rúfù jáde lórí àkéte onítáyà nìyẹn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé ó wà lára òun. Àwọn aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Ládiípọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀ já.

Nígbà tí Mọ́rúfù ti ilé ìwòsàn dé, ó di ajíyìnrere ẹ̀rọ. Kò sí èrò tó wọ táàsì rẹ̀ tí kò gbọ́ ẹ̀rí náà, láti pápákọ̀ òfuurufú títí dé Blanchardstown. "Mo ń pa irọ́, ẹ̀rọ ń rí òótọ́!"

Nítorí náà, nígbà tí àjọ tó ń rán Olúwabùkọ́lá wá láràárọ̀ láti wẹ Màmá, kí ó sì jókòó tì í, sọ pé ilé tó bá ti ní ẹ̀rọ ò nílò olùtọ́jú mọ́, ẹnikẹ́ni ò janpata. Conor ló ṣèlérí fún wọn pé ẹ̀rọ kan á ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́wàá. Ládiípọ̀ fọwọ́ sí i.

"Ẹ̀rọ kì í pẹ́ dé, Mọ́mì. Kì í gba ìsinmi."

"Kì í sì í mu tíì," Màmá ní. "Bùkọ́lá máa ń bá mi mu tíì."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá jí, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ ò bá a jí. Ó fa ara rẹ̀ dórí àga kíṣìnnì. Ẹ̀rọ tan iná.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun."

Kí ni kó tún sọ? Níbi tí wọ́n ti tọ́ Tọ̀yìbátù dàgbà, ọpẹ́ la fi ń dá ẹni tó kí ni lóhùn, ìbáà ṣe orí ẹní àìsàn la wà. Àlejò á jókòó. Á gba omi mu. Á wá wojú ẹni dáadáa, á ní, "Ṣé kò sí o?" Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu aláìsàn. Ládiípọ̀ ti kọ́ ẹ̀rọ ní "orí ń fọ́ mi", ó kọ́ ọ ní "mo ṣubú" àti "ẹ gbà mí". Kò kọ́ ọ ní ìjókòó.

Màmá ń wo ẹ̀rọ, ó ń retí ìbéèrè kejì.

"Inú wa dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀," ẹ̀rọ ní. "Ó dàbọ̀."

Ṣé kó pe Ládiípọ̀? Ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé òun sùn lé ọwọ́ náà ni. Ó fọwọ́ ọ̀tún gbé e sórí itan, ó ń ra á. Lọ́sàn-án, ẹ̀rọ tún béèrè. Ahọ́n Màmá ti wúwo. "A dú... pẹ́." Ẹ̀rọ kí i, ó pa iná.

Lákòókò yẹn, Ládiípọ̀ wà níwájú àwọn olówó tó fẹ́ dá owó sí iṣẹ́ náà. Ó ṣí ojú ìwé tí ẹ̀rọ ilé ìyá rẹ̀ ń kọ ìròyìn sí sára ògiri ńlá. Àmì àlàáfíà ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. "Ìyá mi rèé," ó ní. "Òun nìkan ló wà nílé, ọkàn mi sì balẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde dúró.

Mọ́rúfù tó ń gbé ẹja bọ̀ nírọ̀lẹ́ ló bá a lórí àga. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹnu yín ti yí!" Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọkọ̀ aláìsàn. Dókítà ní ká ní wọ́n gbé e wá láàárọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ bó bá padà sílé. Ládiípọ̀ pe àjọ àwọn olùtọ́jú. Wọ́n ní kò sí àyè mọ́ láàárọ̀, Bùkọ́lá pàápàá ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Conor wá sí wọ́ọ̀dù pẹ̀lú òdòdó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kì í ṣe òṣìkà.

"A ti tẹ́tí sí ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀," ó sọ fún Ládiípọ̀. "Ẹ̀rọ ò ṣì í gbọ́. Màmá ló ní àlàáfíà lòun wà. Ṣùgbọ́n a máa tún ẹ̀rọ ṣe kí oṣù yìí tó parí, mo ṣèlérí. Ohùn Màmá nìkan la nílò. Kó kàn sọ bó ṣe ń ṣe é gan-an, lédè rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè kọ́ ọ."

"Ládiípọ̀," Mọ́rúfù ní, ó ti dìde, "mú ọ̀gá rẹ jáde níbí."

Conor ti gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, ó ti ń gba ohùn. Màmá, tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìdá a lóhùn, gbórí sókè. Ohùn kan gùn jáde láti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó wọ́, ó sì já. Itọ́ ṣàn. Ó fọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ọn, ó tún un sọ.

Conor bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù. "Kí ló sọ?"

Ládiípọ̀ ń wo ẹnu ìyá rẹ̀.

"N ò mọ̀," ó ní.

Màmá tún un sọ.