Ìbọn Afẹ́fẹ́ Lórí Òkè Àdúrà

"Ju ìbọn yẹn sílẹ̀! Gbọ́wọ́ sókè! Dojú bolẹ̀!"

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pariwo gbogbo rẹ̀, Dúrótìmí kò sì mọ èyí tí òun ó kọ́kọ́ ṣe. Ó ju ìbọn sílẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ó wá rọra kúnlẹ̀, ó sì dojú bo ẹrẹ̀ tí òjò àná fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ṣùtánà funfun ọrùn rẹ̀ ń fa omi ìdọ̀tí mu. Ọlọ́pàá mẹ́rin ló nàbọn sí i láàárín igi. Ọ̀kan nínú wọn fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lọ́wọ́. Ní ọ̀ọ́kán, obìnrin òyìnbó kan gbá ajá rẹ̀ mọ́ra. Òun ló pè wọ́n.

"Àdúrà la wá gbà o," ni Dúrótìmí ń wí. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e pé Yorùbá lòun ń sọ sí wọn.

Òótọ́ ló sì sọ. Oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni. Ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n láti ìjọ wọn ní Woolwich, ní London, tí wọ́n wá pa àgọ́ sórí òkè kan ní Kent fún àdúrà ọjọ́ mẹ́ta. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ, àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà ló sì gbà wọ́n láyè. Ní òru àkọ́kọ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fa àgọ́ méjì ya, wọ́n sì wọ́ búrẹ́dì àti èso lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Daddy Sàlàkọ́ tó jẹ́ olórí wọn pe Dúrótìmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́.

"Nǹkan kan wà ní búùtù mi. Bá mi gbé e wá. Ariwo rẹ̀ lásán máa lé àwọn ẹranko yẹn sá."

Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, irú èyí tó ń yin ọta kékeré bí hóró ata. Dúrótìmí gbé e kọ́ èjìká bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń gbé tirẹ̀ kọ́ ní Òkè-Ògùn, tí ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló ń gbé. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló wà láàárín ọkọ̀ àti àgọ́. Kò rìn ín dé ìdajì.

* * *

"Uncle, kí ló dé tí o gbé e kọ́ èjìká?" ni Lọ́lá béèrè.

Lọ́yà ni Lọ́lá, ọmọ tí wọ́n bí sí Plumstead, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan láàárín Woolwich. Kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Mọ́wùnmí, ìyàwó Dúrótìmí, gbọ́ "o" tó sọ yẹn, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbójú kúrò. Ìyẹn kọ́ ni ìṣòro tó gbé wọn wá.

"Wọ́n ní kò gba láísẹ́ǹsì," ni Dúrótìmí dáhùn.

"Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún lè rà á, kó gbé e sílé ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé e jáde síbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, o gbọ́dọ̀ ní ìdí tó dáa. Kódà tí kò bá sí ọta kankan nínú ẹ̀. Ọ̀nà yẹn, ọ̀nà gbogbo ènìyàn ni, kì í ṣe ti àgbẹ̀ yẹn nìkan."

"Ìdí bíi kí ni?"

"Bíi pé ò ń lọ sórí ilẹ̀ ẹni tó gbà kí o yìnbọn níbẹ̀, tí o sì gbé ìbọn náà sínú báàgì. Àgbẹ̀ yẹn gbà kí ẹ pa àgọ́, ó gbà kí ẹ gbàdúrà. Ṣé ó gbà kí ẹ yìnbọn?"

Dúrótìmí mirí.

Lọ́lá ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn márùn-ún tó kù. Daddy yín sọ pé òun ò rí ìbọn náà rí láyé òun."

Bọ́ọ̀sì kan ń kọjá lójú pópó, fèrèsé sì ń gbọ̀n.

"Bóyá ó gbàgbé ni," ni Dúrótìmí sọ nígbẹ̀yìn.

"Uncle. Ta ló gbàgbé ìbọn?"

Lọ́lá wá ṣàlàyé ohun tó kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọlọ́pàá fún un kó tó padà wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kejì. Bó bá jẹ́ pé wọ́n rán an ni, tó sì sọ bó ṣe rí, ó lè jẹ́ ìkìlọ̀ ni wọ́n máa fún un, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun lòun ni ín, tí òun gbé e wá láti ilé láti fi yìnbọn, ó lè di ilé ẹjọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn arúgbó ni Dúrótìmí ń fi ọkọ̀ gbé láti ilé wọn lọ sí ibùdó ìtọ́jú, á sì gbé wọn padà nírọ̀lẹ́. Ohunkóhun tí ọlọ́pàá bá kọ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ̀ máa rí i.

* * *

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Daddy Sàlàkọ́ wá sílé wọn ní Thamesmead. Òun nìkan ló wá. Kò jẹ́ kí Mọ́wùnmí gbé oúnjẹ wá, omi nìkan ló gbà, kò sì mu ún.

"Tìmí," ló bẹ̀rẹ̀, "ṣé o rántí ìgbà tí o dé?"

"Mo rántí, sà." Báwo ló ṣe máa gbàgbé? Ọdún 2009 ni. Inú yàrá kan ní Connaught Estate ni Daddy àti ìyàwó rẹ̀, Mummy Margaret, ti gbà á sílé fún oṣù mọ́kànlá. Mummy Margaret ló ń se oúnjẹ sínú kúlà fún un lọ síbi iṣẹ́. Daddy ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà lójú títì òyìnbó.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìjọ ò mọ̀ ọ́n." Ohùn bàbá náà wálẹ̀. "Mo ti ṣẹ̀wọ̀n ní ìlú yìí rí. Ọdún mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ìwé ayédèrú ni, kó tó di pé mo mọ Jésù. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀, òfin ní kò gbọdọ̀ ní ìbọn mọ́ títí tó fi máa kú. Ìbọn afẹ́fẹ́ yìí náà wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ni mo ti gbà á. Bí wọ́n bá mọ̀ pé tèmi ni, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, Tìmí. Tìrẹ, ìkìlọ̀ lásán ni. Sọ pé ìwọ lo ni ín."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ló fi ọwọ́ kan tẹ apá àga, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Dúrótìmí sáré dì í mú. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

Mọ́wùnmí jáde láti ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sì dìde.

"Daddy, ẹ má bínú, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ẹ mọ̀ pé òfin ní ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ wá rán ọkọ mi kó lọ gbé e. Kí ló dé tí ẹ ò lọ gbé e fúnra yín?"

Bàbá náà fa ife omi sún mọ́ra.

"Daddy?" Dúrótìmí náà ń wò ó báyìí.

"Mo rò pé..." Daddy Sàlàkọ́ ń wo ife omi tó wà níwájú rẹ̀. "Mo rò pé bí ẹnikẹ́ni bá rí i, á dáa kó má jẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ti rí i."

Dúrótìmí yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní apá bàbá náà. Kò mọ ìgbà tó yọ ọ́. Ó jókòó.

"Ẹ máa lọ sílé, sà," ló sọ. "Màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Mi ò ní fi kún un. Mi ò sì ní yọ nínú ẹ̀."

* * *

Bó sì ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọlọ́pàá bi í pé ta ló ni ìbọn, Lọ́lá ti ife omi sún mọ́ ọn. Ó mu ún tán kó tó dárúkọ. Orúkọ náà jáde pẹ̀lú "Daddy" níwájú, ọlọ́pàá sì rò pé bàbá tó bí i ni. Lọ́lá ló bá wọn tún un ṣe. Àmì ìka ọwọ́ Daddy Sàlàkọ́ ni wọ́n bá lára irin ìbọn náà káàkiri. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ ni adájọ́ dá fún bàbá náà.

Ìkìlọ̀ ni wọ́n fún Dúrótìmí, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì àwọn arúgbó lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way ló wà báyìí, ó ń fi rọ́bà di páálí látàárọ̀ dalẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò lé e. Wọ́n kàn ń kí i kúkúrú. Arákùnrin Bíyìí, tí àwọn méjèèjì jọ máa ń pín àga kan, sọ fún un lójú pé ẹni tó bá ta bàbá kò lè ní àlàáfíà. Nígbà tó yá, Mọ́wùnmí ní kí wọ́n wá ìjọ mìíràn. Dúrótìmí ní òun kò ní yẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kọrin, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nígbà tó rí Mummy Margaret ní ibùdó bọ́ọ̀sì. Ó ti rù. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òjò wẹ́wẹ́ sì ń pa á. Dúrótìmí mọ ibi tó ń lọ. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé wọ́n ti gbé Daddy lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan lódìkejì Kent, bọ́ọ̀sì méjì àti ọkọ̀ ojú irin méjì, pẹ̀lú eékún tó ti ń dun ìyá náà látọdún márùn-ún.

Ó kọjá lára rẹ̀. Ó dé ìkóríta, ó sì yí ọkọ̀ padà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mummy. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ."

Ìyá náà wò ó látorí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ lo fẹ́ gbé mi lọ wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn. Mummy Margaret wo àtẹ̀gùn rẹ̀, ó wo Dúrótìmí. Dẹ́rẹ́bà ti ń retí rẹ̀. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì náà ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Mummy Margaret kò jókòó níwájú ọkọ̀ Dúrótìmí. Ẹ̀yìn ló wọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó kọ ojú sí fèrèsé títí wọ́n fi kúrò ní London. Dúrótìmí kò tan rédíò. Orí afárá kan tó gba orí omi kọjá ni wọ́n wà nígbà tí ìyá náà sọ̀rọ̀.

"Kò ní mọ̀ pé ìwọ lo gbé mi wá. Mi ò ní sọ fún un."

Dúrótìmí ń wo ojú ọ̀nà. Òjò ti ń pọ̀ sí i.

"Ẹ sọ fún un, mà," ló dáhùn. "Ẹ sọ fún un pé mo wà níta."