Ìpè Ọjọ́ Kejìdínlọ́gọ́rin

Ní ilé-iṣẹ́ Brockhaus àti Tansel ní ìlú Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ẹni tó bá borí ẹjọ́ ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìròyìn ìṣẹ́gun náà. Oṣù-oṣù ni wọ́n ń tẹ ìwé kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn. Apá kìíní ni àṣeyọrí: ta ló pẹjọ́, kí ló ní wọ́n fi ṣe òun, báwo la ṣe dá a padà sílé lọ́wọ́ òfo. Apá kejì ni òfin tuntun: kí ni ilé ẹjọ́ sọ, kí la lè fi í ṣe. Lọ́yà tó ń gbèjà ni wọ́n. Bí ẹrù bá já lu èèyàn, bí dókítà bá gbàgbé nǹkan síkùn aláìsàn, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró fún, kì í ṣe ẹni tó fara pa. Iṣẹ́ ni, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n kéèyàn ṣe é tán kó tún máa fi yangàn lóṣooṣù, àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Corinne Haldane ti lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá ọdún tí mò ń wí yìí ni àwọn ọ̀gá fẹ́ jókòó dìbò, bóyá kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́, tàbí kó máa wá ibòmíì lọ. Wọn kì í lé èèyàn níbẹ̀ o. Wọ́n á kàn dẹ́kun àtimáa kí ẹ dáadáa ni, títí o ó fi kó ẹrù rẹ fúnra rẹ. Ó sì fẹ́ ipò yìí, kí n má purọ́ fún yín. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó ti mọ yàrá tí yóò bọ́ sí, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò.

Ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti Kalman Nemeth, awakọ̀ ẹrù kan, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ilẹ̀kùn irin ńlá kan já wálẹ̀ lu ẹsẹ̀ bàbá yìí níbi tó ti ń já ẹrù, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà níbi orúnkún. Ẹjọ́ náà dáa fún un. Ilẹ̀kùn ọ̀hún ti já lẹ́ẹ̀mejì rí, àwọn tó ni ibẹ̀, tí Corinne ń gbèjà, sì mọ̀, ìwé wà tó fi hàn. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ náà délẹ̀, bàbá ni yóò borí. Àfi bí ọkàn rẹ̀ ṣe dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé.

Ní Ohio, ẹjọ́ irú èyí kì í tìtorí ikú olùpẹ̀jọ́ parí. Ọmọ lè gbà á ṣe. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tó mú bí abẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fìwé sọ fún ilé ẹjọ́ pé olùpẹ̀jọ́ ti kú, àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ló kù fún ẹbí láti fi ẹlòmíì rọ́pò òkú. Bí ọjọ́ bá kọjá, ẹjọ́ bá òkú lọ nìyẹn. Wendell Brockhaus, ọ̀gá pátápátá, ló ní kí Corinne kọ ìwé náà. Wendell kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó máa ń ra dónọ́ọ̀tì fún gbogbo ilé ní ọjọ́ Jímọ̀, ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo òṣìṣẹ́. Ìlà mẹ́ta ni ìwé ọ̀hún: Kalman Nemeth ti kú, ọjọ́ báyìí ló kú, a fi tó ilé ẹjọ́ létí. Kò sí àádọ́rùn-ún ọjọ́ nínú rẹ̀. Òfin ò ní dandan kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Darla, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá náà bí, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí lọ́yà bàbá, Ambrose Tully. Wọ́n ò mọ̀ nígbà náà pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Tully dùbúlẹ̀, pé òun nìkan ló ń dá ṣiṣẹ́, pé lẹ́tà ń gorí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀, Wendell ní kí ẹnikẹ́ni má mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gọ́rin, fóònù Corinne dún. Darla Nemeth ni. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ilé-ìwé kan, ariwo abọ́ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun gba ìwé kan láti ọ̀dọ̀ wọn, kò yé òun, òun pe Tully títí, fóònù ibẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní orúkọ Corinne lòun rí nísàlẹ̀ ìwé. Ó wá béèrè pé ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kóun ṣe ni.

Èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òfin iṣẹ́ lọ́yà ò gbà kí Corinne gba ọmọ alátakò nímọ̀ràn. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ ni pé kó lọ wá lọ́yà. Ó yẹ kó sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé, kó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú ṣe é. Bàbá tirẹ̀ náà ti kú.

Ó ní, "Èmi kì í ṣe lọ́yà yín o, mi ò sì lè gbà yín nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́yà. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lónìí ni. Ṣẹ́ ẹ gbọ́ mi?"

Darla ní, "Mo gbọ́, mà. Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn látìgbà tí dádì ti kú."

Àádọ́rùn-ún wà lórí ahọ́n Corinne. Ó gbé e mì. Ó ṣe ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe níbẹ̀ lẹ́yìn ìpè èyíkéyìí, kí wákàtí kan tó kọjá: ó kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́, aago, ẹni tó pè, ohun tí wọ́n sọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́, tó fi dórí "lónìí ni." Ara rẹ̀ fúyẹ́ bó ṣe ń kọ ọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á rí i pé òun kì í ṣe èèyàn burúkú.

Ẹ ò rí ayé. Darla ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, àmọ́ bí ọmọ Kalman Nemeth ṣe ń ṣe nǹkan ló ṣe ṣe é. Lójú tirẹ̀, lọ́yà ni Tully. Bàbá rẹ̀ ti bọ Tully lọ́wọ́, lágbègbè tiwọn, bó o bá ti bọ èèyàn lọ́wọ́ tán, o ò tún lọ bá ẹlòmíì. Lílọ wá lọ́yà, ó túmọ̀ sí lílọ wá Tully. Ó wá a lọ sí ọ́fíìsì, ó wá a lọ sílé. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún ló tó rí i ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, kò lè dá orúkọ ara rẹ̀ pè.

Nígbà tí Darla fi máa rí lọ́yà mìíràn gbà, ọjọ́ ti kọjá. Lọ́yà tuntun yìí kọ̀wé sí adájọ́ pé kó fi kún ọjọ́ náà. Adájọ́ lágbára láti ṣe é bó bá dá a lójú pé kì í ṣe àìbìkítà ló fà á. Lọ́yà náà ní obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan, lọ́yà rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohunkóhun ń kánjú. Ọ̀rọ̀ náà wọni lára. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ti ń sọ pé adájọ́ á gbà fún un, inú Corinne sì dùn ní kọ̀rọ̀, kò kàn jẹ́ kó hàn lójú ni.

Ọjọ́ kejì, Wendell wọ yàrá Corinne, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé àkọsílẹ̀ ìpè náà sórí tábìlì. Ó ní òun ti ń wo fáìlì láti àárọ̀, òun ò mọ̀ pé wúrà wà níbẹ̀.

Corinne ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe torí èyí ni mo ṣe sọ ọ́ fún un."

"Mo mọ̀," ni Wendell wí. "Ìdí tó fi dáa nìyẹn. Adájọ́ á rí i pé ó ti ọkàn ẹ wá." Ó jókòó. "Ṣé irọ́ ló wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"Bí wọ́n bá bi ẹ́, ṣé wàá sẹ́?"

Kò lè sẹ́ ẹ. Wendell ní kó búra sí i kó fọwọ́ sí i, kò fi ipá mú un o. Ó kàn rántí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n dìbò. Corinne fa ìwé náà mọ́ra. Ó lè sọ pé òun ò ní fọwọ́ sí i. Àwọn kan ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ṣì ń jẹun. Ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, a ń tu itọ́ funfun: ó tún bi Wendell bóyá ẹ̀dà kan tó tàbí kóun tẹ méjì.

Nílé ẹjọ́, Adájọ́ Ostrander ka àkọsílẹ̀ náà sókè. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi Darla pé ṣé òótọ́ ni. Lọ́yà Darla fọwọ́ kan apá rẹ̀ pé kó ní sùúrù, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti dìde. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òótọ́ pamọ́.

Ó ní, "Òótọ́ ni, mà. Ó sọ fún mi. Ó ṣe mí dáadáa gan-an."

"Ó ní lónìí?"

"Ó ní lónìí."

Bí ẹjọ́ Kalman Nemeth ṣe parí nìyẹn. Adájọ́ ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún kedere nígbà tí ọjọ́ méjìlá ṣì kù ò lè sọ pé òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń kánjú. Wọ́n ní oore kì í gbé. Ẹ lọ sọ ọ́ fún Darla Nemeth.

Darla dúró de Corinne lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó jọ pé èyí tó fi sìnkú bàbá rẹ̀ ni. Kò bú u, Corinne ì bá sì dúpẹ́ ká ní ó bú u.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bi yín," ló wí. "Ọjọ́ tí mo pè yẹn, ṣé àánú mi ló ṣe yín, àbí iṣẹ́ lẹ ń ṣe?"

Corinne fẹ́ sọ pé àánú ni. Ṣùgbọ́n ojú Darla ò kúrò lójú rẹ̀, ó sì rí i pé bóun bá ní àánú ni, obìnrin yìí á béèrè kí ló wá dé tóun fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀rọ dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, Corinne wọlé, òun nìkan ló bá a sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n dìbò, ó wọlé. Wọ́n fún un ní yàrá tó kọjú sí odò. Ìwé ìròyìn oṣù Kìíní ló wá kù, òun ló sì borí, òun ni yóò kọ ọ́. Apá kìíní ò gba àkókò. Ó pe Kalman Nemeth ní olùpẹ̀jọ́, ó pe ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìpalára tí wọ́n ní ó ní. Ní apá kejì, Wendell ti kọ ìmọ̀ràn kan sílẹ̀ dè é fún gbogbo àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò: bí ẹbí olùpẹ̀jọ́ tó ti kú bá pè yín kí ọjọ́ tó pé, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá lọ́yà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Corinne kà á. Ó ronú lé e lórí. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹni tó bá sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé, adájọ́ lè má gbà pé ìkìlọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ní kó fi nǹkan kan kún un. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ti Wendell: "Ẹ sọ pé lónìí. Ẹ jẹ́ kí ohùn yín rọ̀ bẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́, kí wọ́n lè rántí." Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá àṣìkọ wà níbẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́.